Ọmọ Tó Dé Oko Bàbá Gbogbo Ayé

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ọ̀rọ̀ náà bá ìgbà tí wọ́n pa á mu. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn nígbà náà, ọ̀nà jìn, ẹrù wúwo, ẹni tó bá sì ti Òǹdó dé Ìbàdàn padà lè máa fi ìtàn rẹ̀ gba ẹmu mu títí ọdún yóò fi yí po. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ààrò ìyá rẹ̀, tó ń fi ebè mẹ́wàá bàbá rẹ̀ yangàn, ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí.

Ọmọ yẹn ti kú. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí ti dé oko bàbá gbogbo ayé. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì dé, fóònù rẹ̀ ti dé e. Ó mọ iye ebè tó wà lóko àwọn ará Gíríìsì, ó mọ ibi tí omi ti mọ́ jù lóko àwọn ará Croatia, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí oko àwọn ará Albania, tó jẹ́ àwárí tuntun. Oko kan ṣoṣo ni kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ ò ní béèrè pé ti ta ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ Ìdànrè ni, ó ń gbé ní Ìjàpọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Lálẹ́ tí NEPA bá ti mú iná lọ, orí fóònù ló máa ń wà, tí á máa wo àwọn òyìnbó tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn káàkiri Albania: etíkun Ksamil, ìlú àtijọ́ Berat, ìlú olókùúta Gjirokastër. "Pọ́ọ́kú ni!" ni gbogbo wọn ń pariwo. Oúnjẹ pọ́ọ́kú, yàrá pọ́ọ́kú, mọ́tò pọ́ọ́kú. Òun náà bá gbà pé pọ́ọ́kú ni.

Pọ́ọ́kú fún ta ni? Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ Berlin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbowó ní pọ́n-ùn àti yúrò, tí wọ́n lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́sàn-án Ẹtì kí wọ́n sì wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ Ajé. Láti 2024, ₦70,000 ni òfin ní kí owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni owó ìwé físà Ṣẹ́ńgẹ́nì di yúrò 90. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà lọ́dún náà, ó ju owó oṣù méjì ẹni tó ń gba owó tó kéré jù yẹn lọ. Bí wọ́n bá sì sọ pé rárá, wọn kì í dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ lè ní kí ló kan Ṣẹ́ńgẹ́nì nínú ọ̀rọ̀ Albania, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó kàn án. Ọ̀nà tó yá fún ẹni tó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání láti wọ Albania ni pé kó ti ní físà Ṣẹ́ńgẹ́nì, tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́, kó sì ti lò ó rí. Kí wọ́n tó jẹ́ kó o wọ ilé mẹ̀kúnnù, o gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé olówó ti ṣílẹ̀kùn fún ọ. A ò tíì dárúkọ owó ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó gba Istanbul o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ló yá ọmọkùnrin wa lówó. Ọdún méjì ni yóò fi san án, kó lè lọ ṣe ìrìn-àjò pọ́ọ́kú.

Kì í ṣe pé mo ń bú Albania. Ilẹ̀ tó tó wò ni. Ogójì ọdún ni Enver Hoxha, olórí ìjọba Kọ́múníìsì wọn, fi ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Onílé kò gbọ́dọ̀ jáde, àlejò kò lè wọlé bó ṣe wù ú, ó sì fi kọnkéré mọ ihò ààbò ogun sórí òkè, sínú oko, sétí òkun, nítorí ogun tí kò dé títí ó fi kú ní 1985. Nígbà tí ilẹ̀kùn já, àwọn èèyàn náà ya jáde. Ní oṣù kẹjọ 1991, nǹkan bí 20,000 wọn ló rọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, Vlora, tí wọ́n forí lé Bari ní Ítálì. Ẹni tó bá rí àwòrán ọkọ̀ yẹn á rántí àwọn ọmọ wa tó ń gba aṣálẹ̀ Líbíà kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2023, àlejò tó wọ Albania lọ́dún kan ti lé ní 10 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ àwọn onílé kò tó 3 mílíọ̀nù. Díẹ̀ lára ihò ogun yẹn ni wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wèrè bàbá wọn ni wọ́n fi ń pawó. Àwa tí bàbá wa kì í ṣe wèrè ńkọ́?

Ọmọkùnrin wa gúnlẹ̀. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ WhatsApp. Furgon ló kọ́kọ́ dé, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn níbẹ̀, tí kì í sábà gbéra àfi tó bá kún. Ó jókòó sínú rẹ̀ ní Tirana, ó ń retí kí èrò pé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Ẹ wo bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń gbé ayé wọn jẹ́jẹ́!" Ọkùnrin yìí kan náà ni, bó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Iléṣà Gáréèjì tó ku èrò méjì, á ti máa gbá ara ọkọ̀, á ti máa bi dẹ́rẹ́bà bóyá irú wọn kọ́ ni kò jẹ́ kí Nàìjíríà dára. Ní Àkúrẹ́, ìwà àìlajú ni. Ní Tirana, àṣà ni.

Ó jẹ byrek, ó ní ó dùn ju míìtì-páì lọ. A gbà fún un. Lẹ́yìn náà ló dé Gjirokastër, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ara òkè ni ìlú náà wà. Òkúta ni wọ́n fi mọ ilé, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo òrùlé, òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Hoxha fúnra rẹ̀ àti òǹkọ̀wé nì, Ismail Kadare. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ó sì fi Berat kún un ní 2008. Ọmọkùnrin wa gun òkè náà, ó làágùn, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó ya fọ́tò, ó sì kọ ọ́ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun.

Kò purọ́. Kò gun òkè ìlú rẹ̀ rí.

Ní Òdòde-Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, èèyàn kò lè ṣí fèrèsé kó má rí òkúta. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí orúnkún bá ń dà láàmú. Lókè lọ́hùn-ún, láàárín àwọn àpáta ràgàjì, ni Ìdànrè àtijọ́ wà: ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, ilé ẹjọ́ ìgbà òyìnbó, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, agogo tí wọ́n ń lù, ibojì àwọn tó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi gbé orí òkè yẹn, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí di àwọn ọdún 1920. Odidi ìlú ni o: ọba, ìjòyè, ọjà, àti àwọn abiyamọ tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí wọ́n ru ẹrù oko lórí, tí wọ́n ń pọ́n òkè náà nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ronú àtẹ̀gùn. Ohun tí ọmọkùnrin wa yáwó lọ ṣe ní Albania, tó pè ní ìrìn akin, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìyá-ìyá-ìyá rẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ Agbóògùn sì ń bẹ lókè níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára òkúta, tí wọ́n ní gbogbo ẹsẹ̀ ló máa ń bá mu, àfi ti àjẹ́. Mo fura pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ yìí ló ń lé àwọn kan sẹ́yìn. Ìdánwò tí èsì rẹ̀ máa jáde lójú gbogbo ẹbí, tí kò sì ní àtúnṣe, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìsinmi Kérésì ṣe. Ó sàn kéèyàn lọ Albania.

Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO, sínú ìwé àwọn tó ń dúró de ìyẹ̀wò. Ọdún kejì rẹ̀ ni Berat wọlé. Ìdànrè ṣì jókòó síbẹ̀ bíi furgon tí èrò rẹ̀ kò pé.

Ó fi fọ́tò Gjirokastër ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyá pè é. Mo ti gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ tó láti mọ bó ṣe máa ń lọ.

"Ọmọ mi, mo rí i. Òkúta ni, àbí?"

"Òkúta ni, Màámi. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà."

"Ó dáa ju tiwa lọ ni?"

"Màámi, ẹ ò lè mọ̀. Ká ní ẹ rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀!"

"Ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ìjọba wọn ni, Mà."

"Ẹn-ẹn. Ibo niwọ náà ti wá ń ṣiṣẹ́?"

Nẹ́tíwọ̀kì gé.

Ó kọjá sí Butrint, ahoro ìlú àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù, tó ti lé ní 2,000 ọdún. Wọ́n ní ńṣe ló ṣí fìlà. Ní Ìsarùn, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́ inú Ihò Eléérú ní 1965, wọ́n sì bá egungun ẹni tó ti sùn síbẹ̀ láti ohun tó ju 10,000 ọdún lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí là ń wò, ará Ìsarùn yẹn lè rán gbogbo Butrint níṣẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn lòun náà, hú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó Làjà láàárín 1969 sí 1971, iṣẹ́ ọwọ́ tó bá ti Ifẹ̀ àti ti Ìbíní tan. Àkúrẹ́ tó sì ń gbé, ọ̀dọ̀ ààfin Déjì ló máa ń gbà kọjá bó bá ń lọ ra ata ní Ọjà Ọba. Kò yọjú wo àgbàlá ibẹ̀ rí. Ẹ tiẹ̀ gbé Òǹdó yẹ̀ wò, ìlú tí ìtàn rẹ̀ sọ pé obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jẹ Ọṣemàwé, tí wọn kì í sì í fi ọba jẹ dòní láìsí ọwọ́ Lóbùn, olóyè obìnrin, níbẹ̀. Ká ní Berat ló ni ìtàn yìí, wọn ì bá ti yà á sára ife tíì, kí wọ́n sì tà á fún wa ní yúrò.

Ṣùgbọ́n bàbá tó ń ráhùn pé ọmọ òun kò dé oko òun, ṣé ó ṣán ọ̀nà oko ọ̀hún?

Ní Ksamil, wọ́n á gba owó ìjókòó orí iyanrìn lọ́wọ́ rẹ. Ní Àrárọ̀mí létí òkun, nílẹ̀ Ìlàjẹ, kò sẹ́ni tó máa gbowó ìjókòó, nítorí pé kò sí ìjókòó. Iyanrìn wà, ó lọ salalu títí ojú kò fi tó o mọ́. Igi àgbọn wà. Ọkọ̀ àwọn apẹja wà. Òkun Àtìláńtíìkì náà wà, tí kì í bá àlejò ṣeré, nítorí náà kí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ má ṣe kọjá orúnkún. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ìtàn. Lábẹ́ ilẹ̀ Agbábù àti agbègbè rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ọ̀dà wà ní rẹpẹtẹ. Òyìnbó ti ń gbẹ́lẹ̀ wá a láti nǹkan bí 1908. Ọ̀dà náà ni wọ́n fi ń ṣe títì. Ẹni tó bá ń lọ sí etíkun á gba orí ọ̀dà tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ kọjá, nínú kòtò tó ń tọrọ ọ̀dà.

Àwọn aláṣẹ tó yẹ kó ṣán ọ̀nà wà lájò. Ìrìn-àjò ìkẹ́kọ̀ọ́ ni orúkọ tiwọn: wọ́n lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́jú etíkun. Wọ́n á dé pẹ̀lú àbọ̀ ìròyìn tó nípọn, wọ́n á tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ọmọkùnrin wa ṣáà fi gbèsè ara rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ayétòrò gan-an ló dùn mí. Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan nílẹ̀ Ìlàjẹ tẹ ìlú náà dó sétí òkun, wọ́n kó dúkìá wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀: ilé ìṣe búrẹ́dì, ibi ìkan ọkọ̀ ojú omi, ibi ìhunṣọ, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ṣì ń tan fìtílà. Ohun tí Hoxha fi ìbọn àti kọnkéré wá títí, tí kò rí, àwọn apẹja fi àdúrà ṣe é lórí iyanrìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó wá wò ó, wọ́n fi kọ̀wé. Ní 2004 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ògiri tó máa dá òkun dúró fún kọngílá. Òkun kò ka ìwé kọngílá. Ó ti kó ilé, ó ti kó ilé ìwé, ó ti kó ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìrìn-àjò pọ́ọ́kú lóòótọ́, Ayétòrò ni mo júwe fún un. Ìgbókòdá ló ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò ní bi í ní físà. Ó sì ṣeé ṣe kí owó ọkọ̀ ọ̀hún máa wálẹ̀ sí i lọ́dọọdún, torí òkun fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà wá pàdé àlejò.