Mọ́tò Tó Kọlà

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó wá fẹ́ máa fọ mọ́tò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta n'Íbàdàn, ọjà ló kọ́kọ́ máa dán an wò. Á ra ẹ̀rọ tó ń tu omi, á ra ìpara táyà, á ra lọ́fínńdà àgbékọ́ tí yóò mú oníbàárà sín délé. Aṣọ ìnumọ́tò ńkọ́? Síńgílẹ́ẹ̀tì àlòkù tó ti ya lábíyá ni.

Bẹ́ẹ̀, ìdí aṣọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Aṣọ máíkírófáíbà, tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ, ń gbé eruku kúrò. Síńgílẹ́ẹ̀tì kàn ń wọ́ yanrìn kiri ara ọ̀dà ni. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá nu mọ́tò ní gbígbẹ ti kọ ọ́ nílà láìjẹ́ olóòlà. Pélé ni àbí àbàjà, oníǹkan ni yóò sọ.

Ọṣẹ ìfọṣọ náà jẹ̀bi: bó ti ń fọ ìdọ̀tí, ló ń bó ìda tó ń dáàbò bo ọ̀dà. Ṣámpú mọ́tò wọ́n jù ú lọ, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì 2, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan aṣọ, kò wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀gá afọmọ́tò wa gbé wá, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nílé láti àárọ̀.