Snow Tí Káyọ̀dé Ń Kó

Ẹ má kó mi sí i o, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ìyá Káyọ̀dé ló jókòó nídìí kànga, tó ní ọmọ òun tó wà ní Chicago kò ráyè bá òun sọ̀rọ̀ pẹ́, pé snow ló ti ń kó láti òru. Òun náà ti débẹ̀ rí, àmọ́ ìgbà ooru ló lọ wẹ ọmọ. Mo ní ẹ kú ọmọ o. Ni Bàbá Bísí bá yọjú láti yàrá kẹta, ẹni tó jẹ owó iná oṣù méjì (ìyẹn kọ́ là ń wí), ó ní, "Snow kẹ̀? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé kokéènì làwọn ọmọ ìta ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún ni?"

Kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan péré ni mo sọ fún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá alákàrà ti gbọ́, Ìyá Àdúrà sì ti ń gbààwẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé fárígá. Ó pe ọmọ lórí fídíò, ó ní kí gbogbo wa wá fojú rí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, funfun báláú! Àfi bí ìgbà tí ẹnì kan fa ìrọ̀rí òwú ya lókè ọ̀run. Káyọ̀dé fi ṣọ́bìrì bù ú, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó fò lọ.

"Yìnyín nìyẹn," ni mo wí. Ìyá Àdúrà ní irọ́, òjò dídì ló ń jẹ́ nínú Bíbélì. Àbí yìnyín tó ń lu páànù kò-kò-kò, táwọn ọmọdé máa ń ṣà jẹ, ṣé ìyẹn ṣeé fẹnu fẹ́? Áísì inú kúlà náà, yìnyín la ń pè é. Ọmọ mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan. Káyọ̀dé ní tiwa, ìjì ló ń jù ú sókè sódò nínú àwọsánmà títí á fi le bí òkúta. Tiwọn, oru omi ló ń dì tààrà, tó ń yọ ẹ̀ka mẹ́fà.

Bàbá Bísí ń wá ibi tó máa gbà yọ. Ó ní òyìnbó tiẹ̀ máa ń ní iṣẹ́ rọ̀ bí snow, ó bo àwọn mọ́lẹ̀. A ní kó lọ san owó iná.

Iyọ̀ ni Káyọ̀dé ń fọ́n sẹ́nu ọ̀nà kí nǹkan náà lè yọ́. Iyọ̀ o! Ó wá ní béèyàn bá fi wákàtí méjì wa snow kúrò níbi tó ń gbé mọ́tò sí, tó bá wa mọ́tò jáde pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíì á gbà á. Àga ni wọ́n fi ń gba àyè sílẹ̀ lójú títì, báwa ṣe ń fi kẹ́ẹ̀gì gba ipò nídìí kànga. Ó yí fóònù ká: àga oníke níwájú ilé kan, pátákó ìlọṣọ níwájú òmíràn, àpótí igi níwájú tiẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé sún mọ́ fóònù.

"Káyọ̀dé, ṣé àpótí tí mo gbé wọ bàálù wá fún ìyàwó ẹ rèé?"

Fídíò kú. Káyọ̀dé ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Èmi rí àtàǹpàkò tó tẹ pupa.