Mo Fẹ́ Sàba, Mo Dáná

Wọ́n ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín ní àdúgbò wa ní Èjìgbò. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ẹ ó dé ibẹ̀.

Àpótí tí a fi ń bá adìyẹ sàba ni mo rà, íńkúbétọ̀ tí kápẹ́ńtà fi pákó kàn, lọ́wọ́ ọ̀gá àgíríkì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Owó oṣù tíṣà kò tó jẹun, Kérésìmesì sì ń bọ̀. Mo ní òròmọdìyẹ ni yóò yọ mí. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn pa tàwọn mọ́ ọn, àwọn á sanwó. Màmá onílé wa pàápàá kó ẹyin òpìpì wọn wá, adìyẹ tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé lé kúrò lórí àga. Mo gba gbogbo rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ṣáà ni mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé.

Tẹ́mọ́sítáàtì àtijọ́ tó bá àpótí náà wá ló ti bàjẹ́, ó sì yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, torí mo bú u púpọ̀. Awo idẹ pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó ìdérí agolo mílíìkì, wọ́n sé éétà mọ́ ọn nínú. Éétà kì í pẹ́ hó: ní nǹkan bíi dígírì 35 ti Celsius ló ti ń di oru. Bí àpótí bá gbóná tó, ikùn awo náà á yọ síta, á ti suwíìṣì kékeré kan, gílóòbù á kú. Bó bá tutù, ikùn á padà sẹ́yìn, gílóòbù á tàn. Ìdè kan wà tí èèyàn fi ń sún awo náà mọ́ suwíìṣì tàbí tí ó fi ń sún un sẹ́yìn. Kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀; ìwọ àti tẹ̀mómítà lẹ jọ máa yanjú ẹ̀. Tèmi ti lu, éétà ti fẹ́ lọ, ikùn kò yọ mọ́. Gílóòbù kì í sì í kú mọ́. Ẹ rántí ìyẹn.

Mo ra tuntun ní Òṣogbo, èyí tó ní nọ́ńbà pupa tí ń tàn, tí èèyàn lè tò bó ṣe wù ú. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá. Èmi náà sì fi orí ara mi tú u. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, P0 á yọ: H ni kó máa mú nǹkan gbóná, C ni kó máa mú un tutù. P1 ni iye tí ooru gbọ́dọ̀ fi rẹlẹ̀ kó tó tún tan gílóòbù. P2 ni òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá, 110 ni wọ́n sì fi sí láti ilé iṣẹ́. P6 ni ariwo ìkìlọ̀. Mo pa á, torí mi ò fẹ́ ohun tí yóò máa ké sí mi létí lóru. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń fi C sí ipò H, mo fò ó kọjá. Inú mi dùn.

Ó kù kí n fi iye ooru sí i. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan lórí YouTube ní 99.5. Mo wo ara ilẹ̀kùn àpótí, ọ̀gá àgíríkì náà ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀: 99.5. Ẹlẹ́rìí méjì, kí ni mo tún ń wá? Mo tẹ 99.5, ẹ̀rọ náà gbà á láìjanpata, mo sì kó gbogbo ẹyin sínú àpótí.

Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó dé 40, ó dé 50, nígbà tó dé 58 ó dúró. Mo mi orí. Mo ní gílóòbù yìí kò lágbára. Mo lọ ra èyí tó jẹ́ wáàtì 100, mo fi pààrọ̀ gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú àpótí. Ó gòkè dé 71, ó tún dúró, inú bí mi. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn oníná, tí wọn kì í fún wa ní iná, yàn láti ṣe bí ènìyàn.

Màmá gba iwájú yàrá mi kọjá. Àbíjàn ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn, bí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò, ọkọ wọn sì sin adìyẹ níbẹ̀.

“Tíṣà, èló lo fi í sí?”

“99.5 ni, Mà.”

“Háà. Trente-sept là ń fi í sí ní Àbíjàn o.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, ti àwọn Faransé nìyẹn. Tiwa yàtọ̀.”

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ yẹ ẹyin wò, mo pe gbogbo ilé jọ. Èèyàn máa ń gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Bí kò bá sí ọwọ́ àkùkọ nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á là á já kedere. Bí ọmọ bá ti ń gbéra, ìwọ á rí iṣan pupa tín-ín-rín tó tàn káàkiri, pẹ̀lú ààmì dúdú kékeré láàárín. Mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn pẹ̀lú ohùn kíláàsì. Mo pa iná, mo gbé àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ kò kọjá rárá. Mo gbé èkejì, òun náà dí.

“Ẹ wò ó!” ni mo pariwo. “Ọmọ ti kún inú ẹyin! Kò sí èyí tó dàánù!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Baba Ṣọlá, ará ilé wa, ti ń bèèrè iye tí n óo ta òròmọdìyẹ. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní kíláàsì karùn-ún nawọ́ sókè: “Sà, ṣé kì í ṣe 100 ni ẹ ní omi ti ń hó?” Mo ní kó panu mọ́, pé kì í ṣe àkókò ìbéèrè nìyí.

Màmá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú ẹyin kan, wọ́n gbé e sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n yí i. Ẹyin tútù kì í yí dáadáa, omi inú rẹ̀ ló máa ń fà á sẹ́yìn, á máa ta gọ́ọ̀gọ̀. Eléyìí ń yí bí òkòtó. Ó yí, ó yí. Gbogbo ilé dákẹ́ wò ó títí ó fi dúró. Màmá wojú mi, wọ́n kan ẹyin náà mọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n bó o. Funfun rẹ̀ ti pọ́n, pupa rẹ̀ ti gbẹ.

“Iyọ̀ dà?” ni ẹnìkan wí lẹ́yìn.

Wọ́n gbé iyọ̀ wá. Wọ́n gbé ata gígún wá. Baba Ṣọlá rán ọmọ lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n jẹ ẹyin mi, tí mo rà níyelórí torí pé àkùkọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n jẹ tiwọn náà, wọ́n sì ń yìn mí pé ó jinná. Màmá kò jẹ nínú ẹyin òpìpì wọn. Wọ́n kó o sínú ìborùn, wọ́n wọlé. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín, kò tíì pa mí lẹ́rìn-ín di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ sọ fún mi, kí ló dé tí èèyàn yóò kọ 99.5 tí kò ní kọ F sí i? Lẹ́tà kan péré! Ti Fahrenheit, tí Jámánì kan gbé kalẹ̀ ní 1724, ni nọ́ńbà yẹn: 32 ni omi ti ń di yìnyín níbẹ̀, 212 ló ti ń hó. Yọ 32 kúrò nínú 99.5, fi 1.8 pín èyí tó kù, 37.5 ló jẹ́, trente-sept Màmá àti ààbọ̀. Gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ tán, Amẹ́ríkà kò gbà, wọ́n sì ń fi YouTube kó o wọ inú yàrá mi. Funfun ẹyin ti ń dì ní nǹkan bíi 62. Kò pẹ́ tí mo pààrọ̀ gílóòbù tí mo fi kọjá ibẹ̀. Celsius fúnra rẹ̀, ní 1742, òdì ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sí: 0 ni omi tó ń hó, 100 ni yìnyín, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n yí i padà. Ó dá mi lọ́kàn le díẹ̀.

Mo ti san owó àwọn aládùúgbò. Àpótí wà ní 37.5 báyìí, mo sì ti fi P2 dè é mọ́ 39 kí ọwọ́ mi má baà tún kọjá ààlà. Ẹyin tuntun wà nínú rẹ̀, èmi nìkan ni mo rà á.

Àárọ̀ òní, ọmọ Màmá kan ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ ẹyin dání. Orí mi wú. Mo ní wọ́n ti dárí jì mí.

“Ẹ káàárọ̀, Sà. Màmá ní kí ẹ bá àwọn fi í sínú àpótí yín. Wọ́n ní kí ẹ má jẹ́ kó jinná jù lọ́tẹ̀ yìí, pé kí pupa rẹ̀ ṣì rọ̀.”