Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Sáfà

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Àwọn tó ń kọ ìwé ìlànà sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn mìíràn lóhùn, gba òwe yìí gbọ́ ju àwọn baba tó pa á lọ. Ní Ọ̀fà, àgbà á ní, "Òjò mà ń ṣú o," ọmọ ilé á sì sáré kó èlùbọ́ tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé wọlé. Sáfà kì í ṣe ọmọlúàbí. Òjò ṣú, ó gbọ́. Èlùbọ́ rẹ, kò kàn án.

Ọ̀rọ̀ RPC ni àṣà ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti ń pani lára jù: ọ̀nà tí ètò orí kọ̀ǹpútà kan fi ń bẹ ti orí kọ̀ǹpútà mìíràn níṣẹ́, bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà. Andrew Birrell àti Bruce Nelson ti Xerox ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1984. Irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Sun ṣe ni NFS, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń lo fáìlì tó wà lórí òmíràn, ń lò títí dòní.

"Ṣí port 111," ni ìwé á wí, ó parí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Federal Polytechnic Offa ṣí i, ẹ̀dà kẹta NFS kò ní dá a lóhùn. Ibi ìbéèrè lásán ni 111. Rpcbind ló wà níbẹ̀, tó ń júwe ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Mountd, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà, lè ṣí lọ sí port mìíràn nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un tan, àfi tí ẹnì kan bá ti so ó mọ́ ojú kan. Ẹ̀dà kẹrin kò bìkítà fún 111. 2049 ti tó o. Èwo nínú méjèèjì ni ìwé ń sọ? Ọmọlúàbí á mọ̀.

Ti Windows náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu port 135 ni wọ́n ti ń kíni, ṣùgbọ́n láti Server 2008, àárín 49152 sí 65535 ni iṣẹ́ ti ń lọ. Ní August 2003, kòkòrò Blaster gba 135 yìí wọlé káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe ti wà nílẹ̀ láti July. "Ṣí i" rọrùn láti kọ. Ẹni tí wọn yóò ṣí i fún ni wọ́n máa ń gbé mì.

Ti àkókò ló pani lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á kọ timeo=30 sílẹ̀ fún NFS. Ọgbọ̀n kí ni? Ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni NFS fi ń kà á, ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré. Ní ti gRPC, tí Google gbé jáde ní 2015, bí wọn ò bá dá àkókò fún un, yóò máa retí èsì títí NEPA yóò fi mú iná lọ.

Odindi ọ̀rọ̀ kò gùn: ẹ̀dà wo ni, fáìlì wo, iye wo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n fi ń kà á, ta ni wọ́n gbà láàyè, ṣé dandan ni títún un tan. Lẹ́yìn náà, àṣẹ ìdánwò bí rpcinfo -p, pẹ̀lú èsì tó yẹ kó jáde. Kì í kúkú ṣe àìmọ̀ ni wọn kò fi kọ ọ́. Ẹni tí ààbọ̀ yòókù wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè láago méjì òru, òun náà ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ìwé gidi gbé e fún ẹni tuntun pẹ̀lú sáfà òfìfo, kí ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sọ̀rọ̀. Ibi gbogbo tí ẹni tuntun bá ti yíjú wo ọ̀gá, inú ìwé ni kí ọ̀gá kọ ìdáhùn sí.