Ọ̀gá Ó-Dá-Mi-Lójú

Kí oníbàárà tó ròyìn dé ìdajì, Ọ̀gá ti mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Kò di dandan kó rí mọ́tò ọ̀hún. Nígbà mìíràn, abẹ́ Sienna ẹlòmíràn ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, oníbàárà sì ń bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ọ̀gá, tí mo bá tan án láàárọ̀, kò sí wàhálà. Tó bá ti gbóná báyìí, á kàn kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú, á tún jí.” Ẹsẹ̀ á dáhùn pé: “Plọ́ọ̀gì ni, Mọ̀mí. Ó dá mi lójú.”

Irú ọ̀gá yìí kò ṣọ̀wọ́n. Ó wà ní Mushin, ó wà ní Gate n'Ìbàdàn, ó wà lábẹ́ igi kan ní gbogbo ibi tí mọ́tò ti ń bàjẹ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó rántí àwọ̀ náà kò sí mọ́. Ó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta tó ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo, “Ìwọ!”, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jọ sáré dé. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, á dijú, á na ìka kan sókè bíi babaláwo tó ń retí ohun tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ máa wí. Babaláwo ṣì máa ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọhùn o.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, etí yẹn wúlò rí. Ní ọdún 1975 tí ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ l'Ékòó, ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ju èyí tí ojú àti ọwọ́ lè ká lọ: kábúrétọ̀, kọ́ílì, kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, kóńdẹ́ńsà. Bí Peugeot 504 bá kú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀sán gangan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo inú páìpù ti hó, ó ti di afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù kò sì rí nǹkan gidi fà. Ọ̀gá á rẹ àkísà sínú omi, á wé e mọ́ pọ́ǹpù, wọ́n á jọ jókòó díẹ̀, mọ́tò á jí. Èrò ọkọ̀ á pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni òkìkí Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí sí.

Mọ́tò kò dúró dè é. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ètò OBD-II, tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòdù. Àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn náà ló ń di tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Èkó àti Kútọnu. Nínú wọn, brain box ló ń pàṣẹ ìgbà tí epo máa wọlé àti ìgbà tí plọ́ọ̀gì máa ta iná, ọ̀rọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ ló sì ń gbọ́. Kíráǹkì sẹ́ńsọ̀ ni àgbà wọn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, òòfà kékeré kan ni, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé mọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì níbi tó ti ń gba gbogbo ooru rẹ̀. Bí wáyà yẹn bá ti sán, á ṣì fara kanra nígbà tó bá tutù. Bí ooru bá mú un, ojú ibi tó sán á là, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Brain box kò gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí mọ́, á dá epo dúró, á dá iná dúró. Tó bá tutù, wáyà á tún padà kanra, mọ́tò á jí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyẹn wà lára ohun tó lè fa àìsàn tí Mọ̀mí ròyìn, kì í ṣe òun nìkan. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti ní plọ́ọ̀gì ni.

Wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ bọ́ sínú ìdọ̀tí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ojú wọn, bẹ́ẹ̀ plọ́ọ̀gì máa ń sọ̀rọ̀: èyí tó dúdú kirikiri ń sọ pé epo ti pọ̀ jù, èyí tó funfun ń sọ pé epo kò tó tàbí pé ooru ti pọ̀ jù. Ọ̀gá tan Camry Mọ̀mí, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dún dáadáa, nítorí pé ó tutù. “Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bí?” Mọ̀mí gbọ́ ọ. Ó san owó plọ́ọ̀gì, ó san wọ́kìmánṣíìpù. Mọ́tò kú ní Maryland l'Ékòó, lórí ìlà àárín, táwọn onídáńfó sì ń sọ ohun tí onídáńfó máa ń sọ.

Ọ̀gá kò lọ síbẹ̀. Ó rán ọmọṣẹ́ pẹ̀lú okùn. Kí wọ́n tó fà á dé, ó ti tutù, ó sì jí ní ìṣíná àkọ́kọ́. Níbí gan-an ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú àìsàn yìí kì í fara hàn nígbà tí mọ́tò bá tutù. Àfi kéèyàn wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó bi í ní ohun méjì péré: ṣé plọ́ọ̀gì ń ta iná, ṣé epo ń dé? Kó wo ọwọ́ aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń ṣíná sí i. Bí kò bá mira rárá, kó fura sí kíráǹkì sẹ́ńsọ̀. Kó ṣí ìdérí táńkì. Bó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé fíìn, ihò tí táńkì fi ń mí ti dí nìyẹn. Kò gba àkókò púpọ̀, àmọ́ inú oòrùn ni, ẹ̀gbẹ́ títì ni, kò sì sí ọjà tí wọ́n máa rà níbẹ̀.

Ó ní fúẹ̀lì pọ́ǹpù ni. Ó dá a lójú. Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí i: pọ́ǹpù inú táńkì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí pé epo tó yí i ká ló ń tù ú lára, ọ̀pọ̀ wa sì ń wakọ̀ pẹ̀lú epo tí kò ju ìsàlẹ̀ táńkì lọ. Nígbà míì, Ọ̀gá máa ń bá a pàdé. Ìyẹn ló burú jù, nítorí pé ọ̀kan tó bá pàdé yẹn ló máa fi ń ròyìn títí ọdún mìíràn á fi dé.

Àwọn tó ní Honda Hala ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò ní gbàgbé pọ́ǹpù. Mọ́tò á kú tàbí kó kọ̀ láti jí lẹ́yìn tó bá dúró nínú oòrùn, wọ́n á ra pọ́ǹpù, wọ́n á ra distributor. Àṣé rílè kékeré kan tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni, tí òjé tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán, tí ooru inú ọkọ̀ sì ń ya á nípá. Rẹwáyà tó ní irin ìjóòjé àti sùúrù á fi òjé tín-ín-rín kan tún un ṣe kí tíì inú ife rẹ̀ tó tutù.

Pọ́ǹpù kò wo Camry sàn, ni Ọ̀gá bá kọjú sí ooru fúnra rẹ̀. Ó yọ thermostat, ó sọ ọ́ nù. “Ti ìlú òyìnbó nìyẹn, Mọ̀mí. Òtútù wọn ni wọ́n fi ṣe é.” Ó tún so fáànù rédíétọ̀ mọ́ bátìrì tààrà kó lè máa yí láìdúró. Lójú rẹ̀, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe thermostat nítorí òtútù. Ó ń pa ilẹ̀kùn omi dé títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, nǹkan bí 82°C nínú ọ̀pọ̀ Toyota, lẹ́yìn náà ó ṣí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè sáré dé Ìbàdàn láì gbóná tó, brain box á máa rò pé àárọ̀ ṣì ni, á sì máa bu epo kún epo. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sẹ́ni tí irú àánú bẹ́ẹ̀ wù. Nígbà tí Mọ̀mí ráhùn pé epo kì í pẹ́ mọ́ kó tó tán, Ọ̀gá mọ ìdí: àwọn ilé epo ni, wọ́n ń dín jálá.

Ó ra síkáánà tó ń ka kóòdù nígbà tó yá, torí pé àwọn oníbàárà ti ń béèrè. Ó so ó mọ́ Camry, P0335 yọ lójú rẹ̀. Kóòdù yẹn kò ní kí wọ́n ra nǹkan kan. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kíráǹkì sẹ́ńsọ̀ kò dé brain box bó ṣe yẹ, bóyá sẹ́ńsọ̀ ni o, bóyá wáyà rẹ̀ ni o. Ọ̀gá wò ó títí. Ó ti ra plọ́ọ̀gì, ó ti ra pọ́ǹpù, ó ti yọ thermostat. Ó ní síkáánà ń parọ́, ó sì pa kóòdù náà rẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló dá ara rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mọ owó ọjà san, kò mọ owó ìwádìí san. Fún un ní pọ́ǹpù nínú páálí, á tú owó jáde. Sọ fún un pé o fi wákàtí méjì tọ wáyà kan títí o fi rí ibi tó ti já, á ní: “Wáyà lásán? Kí lẹ wá rà?” Ọ̀gá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tipẹ́. Ẹni tó bá ń wádìí, ebi ló ń pa á. Ẹni tó bá dá lójú ní ń jẹun, oníspéà páàtì sì máa ń fi nǹkan díẹ̀ sí i lápò pẹ̀lú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní òdìkejì títì tó ní mítà àti ọmọṣẹ́ kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú Mọ̀mí, ó wa mọ́tò lọ bá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ tán, ó wá ní: “Mọ̀mí, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, kí n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tó fi máa kú, kí n yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì gbóná. Owó àyẹ̀wò wà níbẹ̀ o.”

“Owó àyẹ̀wò? Nígbà tẹ́ ẹ ò tíì mọ nǹkan kan?”

Mọ̀mí wò ó tòkè tilẹ̀. Ó padà sínú Camry rẹ̀, tó ti tutù dáadáa níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó ṣíná sí i, ó jí kíá, ó sì wà á sọdá lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.