Sátidé Ẹlẹ́ẹ̀mejì

Láti Auckland ní New Zealand dé Honolulu ní Hawaii, nǹkan bí 7,000 kìlómítà ni. Ọkọ̀ òfurufú á fò ó bíi wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà. Aago ni ẹ ò gbọdọ̀ wò. Ẹni tó gbéra ní Auckland lóru Sátidé, á balẹ̀ sí Honolulu láàárọ̀ Sátidé yẹn kan náà! Ìlà ọjọ́ tó wà lórí òkun Pàsífíìkì ló fà á: wákàtí 22 ni Auckland fi ṣíwájú Honolulu, á sì di 23 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Èmi ò bá onímọ̀ jà o. Ọ̀rọ̀ àwa onígbèsè ló ká mi lára. Bí mo bá ní Sátidé ni màá san owó èsúsú, èwo nínú méjèèjì ni? Bí ìyàwó mi bá sì bínú ní Sátidé àkọ́kọ́, ṣé ó ti bínú ni àbí kò tíì bínú?

Ẹ má yọ̀ jù ṣá. Ẹni tó bá ń padà sí Auckland, ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú òfurufú, láìfún un ní rìsíìtì. Kí wọ́n ṣáà bá mi gba ọjọ́ tí bàbá onílé ń bọ̀.