Ẹ Bi Ìyá Ọdẹ: Ìbọn Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tí ọdẹ ń yọ lẹ́nu, láti Tanghin, létí adágún omi Ouagadougou, ni mo ti ń ka ìwé yín. Èmi kò yìnbọn rí. Ẹran tí ọkọ mi bá pa ni mò ń sè. Èyí tí kò bá pa, èmi náà ni mò ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìtàn ti pọ̀ ju ẹran lọ nínú ilé yìí, ibẹ̀ ni mo ti gboyè.

“Ìyá wa, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mò ń tà ní Ouaga. Mo ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ, mo ní ìbọn, mo ní oògùn lọ́rùn, mo ní òmíràn nínú bàtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọdẹ ní Oṣù Kejìlá, eruku nìkan ni mò ń gbé wálé. Ìyàwó mi ti máa ń ra adìẹ sílẹ̀ kí n tó jáde. Ẹnìkan ti di ọwọ́ mi. Ta ló lè tú mi sílẹ̀? — Oríburúkú-kì-í-gbó.”

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó dì ọ́. Àga ṣọ́ọ̀bù ló dè ọ́ mọ́lẹ̀. Láti Ajé títí dé Ẹtì o wà lẹ́yìn káńtà. Ní Sátidé o gbé ìbọn, o já sí pápá tí o kò mọ igi kan níbẹ̀, o wá ń retí kí àgbọ̀nrín jáde wá kí ọ káàbọ̀. Ta ló fi ọ́ hàn án?

Mo ti wí i níbí rí, n ó tún un wí: kọ́kọ́ lọ lófo. Fi ìbọn sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, mú omi, mú ìwé kékeré àti bírò, kí o lọ yẹ igbó wò bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀.

Omi ni kí o kọ́kọ́ wá. Níbí, bí Oṣù Kẹwàá bá ti dé, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ní Oṣù Kejìlá kòtò omi ṣì pọ̀, ẹran fọ́n káàkiri, ìwọ náà sì ń fọ́n káàkiri. Tó bá di Oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ ti gbẹ. Èyí tó bá kù ni ààfin tí gbogbo wọn ń wá foríbalẹ̀ sí. Ní Nazinga, lápá Pô, nítòsí ẹnubodè Ghana, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Clark àti Robert Lungren, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979 nínú igbó tí ìpakúpa ti sọ di ahoro. Wọ́n sé odò káàkiri kí omi lè wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì lé àwọn apẹran-jalè. Ẹran padà, erin pàápàá padà. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní àwúre kankan.

Lẹ́yìn omi, wo ibi tí iná ti jó. Àwọn ará abúlé a máa sun koríko nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ díẹ̀ bá kọjá, ewé tútù á rú jáde láàárín dúdú yẹn, ẹran á sì kọrí síbẹ̀ ní ìdájí. Bu díẹ̀ nínú eérú náà, dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí o bá gbọ̀n ọ́n, wàá rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Àárín àríwá àti ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí ìwọ náà bá gba ibẹ̀ wọlé, òórùn rẹ á ti jíṣẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ tó dé. Mo sì mọ irú yín, ẹ máa ń fi lọ́fínńdà para lọ sígbó ọdẹ nítorí àwọn obìnrin tó ń ta ọtí dolo lójú ọ̀nà. Bí o bá gbọ́ ohun kan tó gbó bí ajá nínú igbó tí kò sí abúlé nítòsí rẹ̀, má pè é ní iwin. Àgbọ̀nrín ni. Ó ń kéde fún gbogbo igbó pé onílọ́fínńdà ti dé.

Kí o wolẹ̀ pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ ẹran tí etí rẹ̀ ṣì mú, olúwarẹ̀ kò tíì jìnnà; èyí tí aláǹtakùn ti ta òwú sí, ẹran yẹn ti bímọ níbòmíràn. Ìgbẹ́ tó ń dán, tó sì rọ̀ bí o bá fi igi tẹ̀ ẹ́, ti òní ni. Èyí tó ti funfun, ìtàn ni, mo sì ti sọ fún ọ pé ìtàn pọ̀ lọ́wọ́ mi. Kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tí o ti rí i, àkókò tí o rí i, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí gbogbo èyí bá le jù, wá ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù, kí o ra tíì fún un. Ojoojúmọ́ ló wà ní pápá. Ó mọ ibi tí ẹran ń sùn ju bó ṣe mọ orúkọ mínísítà lọ. Oògùn inú bàtà yẹn, má yọ ọ́. Kí bàtà náà ṣáà máa rìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Igbó ìlà oòrùn, Arly, Pama àti W, tí àwọn ọdẹ olówó máa ń ti Yúróòpù fò wá sí nígbà kan, àwọn agbébọn ti ń jà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ẹni tó bá bá ọ pàdé níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ kò ní béèrè ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Má ṣe lọ. Ibi yòówù kí o fẹ́ lọ, kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì àwọn Eaux et Forêts, àwọn aṣọ́gbó ìjọba, kí wọ́n sọ ibi tó ṣí àti ibi tó tì fún ọ.

“Ìyá, ọgbà Bangr-Weogo kò jìnnà sí wa ní Tanghin. Mo rí àwọn ẹran kan níbẹ̀ tí wọn kì í sá fún èèyàn. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ibẹ̀ wò? — Aládùúgbò Ẹran.”

Bẹ́ẹ̀ ni, yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Ojú nìkan ni kí o mú lọ. Láti 1936 ni ìjọba Faransé ti ya igbó yẹn sọ́tọ̀, wọ́n tilẹ̀ pè é ní Bois de Boulogne kí ara wọn lè balẹ̀. San owó ẹnu ọ̀nà, kí o fi ibẹ̀ kọ́ bí ẹsẹ̀ ẹran ṣe rí nígbà tí ilẹ̀ tutù àti nígbà tó gbẹ. Ilé ìwé tó dára ni. Bí o bá gbé ìbọn wọlé, wọ́n á fún ọ ní ilé tuntun tí o kò ní sanwó rẹ̀, èmi kò sì ní gbé ọbẹ̀ wá kí ọ níbẹ̀.

“Ìyá wa, ilẹ̀ ìjọba ni mo ti ń ṣọdẹ ní Maryland. Gbogbo ibi tí mo bá dé, òyìnbó mẹ́ta ti wà níbẹ̀. Mo ti ra ìbọn, mo ti ra awò tó ń rí ọ̀nà jíjìn, mo ti ra àga tí wọ́n ń so mọ́ igi. Kí ló tún kù kí n rà? — Ọmọ Ògún l’Ámẹ́ríkà.”

Bàtà.

Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹran àkọ́kọ́ tó yẹ kí o tọpa ni ọdẹ. Àwọn náà ní ipasẹ̀, wọ́n ní ibùba, o sì lè mọ ohun tí wọ́n jẹ nítorí pé ọ̀rá bisikíìtì wọn wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ọdẹ, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ, kí o kan máa wo ibi tí wọ́n ń páàkì sí àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í rìn jìnnà sí mọ́tò, wọn kì í sì í fẹ́ kí omi wọ ìbọ̀sẹ̀ wọn. Àgbọ̀nrín tiyín lọ́hùn-ún, onírù funfun yẹn, ti mọ èyí kí wọ́n tó bí ọ. Bó bá ti gbọ́ dídún ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti kọjá sódìkejì odò, tàbí kó sápamọ́ sí igbó ṣúúrú kan lẹ́bàá títì tí gbogbo yín ń wa ọkọ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni kí o lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí ewé bá ń wọ́, wo ara igi kéékèèké tí akọ ti fi ìwo họ èèpo rẹ̀. Tí o bá fẹ́ so kámẹ́rà mọ́ igi, ka òfin ìpínlẹ̀ yín ná: Arizona ti fòfin de kámẹ́rà fún ìṣọdẹ láti 2022. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ní kí ẹ wọ̀, má bẹ̀rù rẹ̀, ojú ẹran kì í rí i bí tiwa. Ẹ lè fi ṣe aṣọ ẹbí.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Èmi ní kí o fún àwọn èèyàn lẹ́ran ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí o má ṣáà fún wọn ládírẹ́sì ibi tí o ti pa á.

“Ìyá, ṣé iṣẹ́ ọdẹ lè fún èèyàn níyàwó? — Àpọ́n.”

Béèrè lọ́wọ́ àwọn Mossi. Wọ́n ní ẹṣin ló gbé Yennenga, ọmọ ọba, dé ọ̀dọ̀ Rialé tó ń ṣọdẹ erin; ọmọ tí wọ́n bí ni Ouédraogo, ẹṣin náà sì ti di ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO, àjọ̀dún sinimá Ouaga, láti 1972. Inú igbó ni Rialé wà nígbà tí ẹṣin dé. Ìwọ, ilé ọtí lo wà.

“Ìyá Ọdẹ, ẹ ti dá mi lóró. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ka ohun tí ẹ kọ, pé ọdẹ gidi a máa kọ́kọ́ lọ lófo, gbogbo Sátidé ló ń lọ yẹ igbó wò. Pô ló ní òun ń lọ. Ìbọn wà lábẹ́ ibùsùn. Ó ń dé lọ́gànjọ́, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ń rùn bí ẹja yíyan. — Ìyàwó Ọdẹ Aláìníbọn.”

Ìyàwó wa, má bínú sí mi. Ẹ̀kọ́ yẹn dára, ó sì yẹ kí ìwọ náà kọ́ ọ. Yẹ ọkọ rẹ wò.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ka iye kìlómítà tó wà lójú alùpùpù rẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Láti Ouaga dé Pô ju 100 kìlómítà lọ. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ló fi kún un, a jẹ́ pé ẹran náà kò kúrò ládùúgbò. Lẹ́yìn náà, rántí omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà, létí omi sì ni wọ́n ti ń yan ẹja. Má jókòó sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó mọ òórùn ọṣẹ rẹ. Ọmọ Fúlàní tìrẹ ni ọmọdékùnrin tó ń ṣọ́ alùpùpù níwájú ilé oúnjẹ: fún un ní 100 sẹ́fà, yóò sọ ìgbà tó ń dé, ìgbà tó ń lọ, àti ẹni tó ń gbé sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ayò lásán ló ń ta pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí náà má ṣe yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ aṣọ tó dára, jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀, kí o béèrè ẹja tó tóbi jù. Sọ fún olóúnjẹ pé bàbá ọdẹ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni yóò sanwó. Kí o sì fi orí ẹja náà ránṣẹ́ sí mi.